Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Wà Nínú Hilux Àtijọ́ Yẹn Gan-an?

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tí ẹ ní gáskẹ́ẹ̀tì Hilux (abala pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo láàárín irin méjì nínú ẹ́ńjìnnì) lẹ fẹ́ rà, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹ́ńjìnnì wo ni?" Ọ̀pọ̀ wa á dáhùn pé, "2.4 ni," tàbí ká ní, "Onídíísù ni, ti àtijọ́ yẹn." Lójú tiwa, a ti dáhùn. Lójú ọlọ́jà, a ò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ wò ó báyìí. Ó kéré tán, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni Toyota ti gbé sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tí gbogbo wọn ń jẹ́ 2.4. 22R wà níbẹ̀, bẹntiróòlù ló ń mu, 2,366 cc ni (cc ni wọ́n fi ń wọn ìtóbi inú sílíńdà, 1,000 cc ló jẹ́ lítà kan). 2L wà níbẹ̀, díísù ni tirẹ̀, 2,446 cc. 2RZ tún wà, bẹntiróòlù, 2,438 cc. Láyé ìsinsìnyí, 2GD onídíísù tó jẹ́ 2,393 cc ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Gáskẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kò bá èkejì mu, písítìnì wọn ò jọra. Èyí tó ń jẹ́ 3.0 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 5L jẹ́ 2,986 cc, 1KZ jẹ́ 2,982, 1KD náà jẹ́ 2,982 géérégé, díísù ni gbogbo wọn. 3VZ-E wá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú 2,958, bẹntiróòlù ni ìyẹn, sílíńdà mẹ́fà ló sì ní. Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́jà pé "3.0 ni" dà bí ẹni tó wọ àdúgbò kan tó ń béèrè ilé Táíwò. Táíwò wo?

Nítorí náà, ìwọ̀n lítà kì í ṣe orúkọ. Orúkọ ẹ́ńjìnnì ni àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn: 22R, 3L, 1KD. Ẹni tó bá lè kà á kò ní í ṣi ẹ̀yà rà mọ́, kíkà rẹ̀ kò sì le.

Lẹ́tà àárín ni orúkọ ìdílé. L jẹ́ ìdílé kan, R jẹ́ ìdílé kan, KD jẹ́ òmíràn. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ èwo nínú ọmọ ìdílé náà ni: 2L, 3L, 5L. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n máa ń rò pé nọ́ńbà tó bá ga jù ni ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. 2,982 cc ni 1KD, 2,494 péré sì ni 2KD. Àwọn lẹ́tà tó máa ń wà lẹ́yìn àmì kékeré tó dà bí igi ìdábùú ló ń sọ ohun tí wọ́n fi kún un: E dúró fún ẹ́ńjìnnì tí iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì ń darí bí epo ṣe ń wọlé sí i, T túmọ̀ sí pé ó ní tọ́bò, F sọ fún yín pé káàmùṣáàfù méjì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń ṣí fáàfù, ló wà lórí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. V tó wà níparí 1KD-FTV jẹ́ àmì àwọn díísù ìgbàlódé tí gbogbo nọ́sù wọn ń gba epo láti inú páìpù kan ṣoṣo tó kún fún agbára.

Ibo wá ni a ti máa kà á? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ògiri irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, pátákó irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ fi èkísà nù ún. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ bíi MODEL, ENGINE àti FRAME NO. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, iwájú ENGINE ni wọ́n kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí, bíi 3L àti 2779 cc. Bí ọ̀dà tàbí ìpẹta bá ti jẹ ìlà yẹn, ẹ má sọ̀rètí nù, ìlà MODEL náà máa ń tú àṣírí. N ni àmì ìdílé Hilux nínú orúkọ yẹn, lẹ́tà tó bá ṣáájú N ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ náà jáde láti ilé iṣẹ́. LN túmọ̀ sí díísù ìdílé L. RN ni ìdílé R, YN ni ìdílé Y, irú 3Y àti 4Y. RZN ni RZ, ẹ má ṣe gbé e fún RN o, nítorí ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. VZN ni ti onísílíńdà mẹ́fà. Láti ọdún 2004 síwájú, ẹ máa rí KUN fún ìdílé KD, TGN fún ìdílé TR, GGN fún ìdílé GR, LAN sì ni ti àwọn tó ṣì ń lo 5L. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: Hilux àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1968 ń jẹ́ RN10, ẹ́ńjìnnì 2R ló wà nínú rẹ̀, kò sì ju 1,490 cc lọ.

Pátákó yìí dára, ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ gbé sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ló ń sọ. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Mo fojú ara mi rí èyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko lágbègbè Ìsẹ́yìn ra Hilux àtijọ́ kan tó fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko. Rédíétọ̀ rẹ̀ jò lọ́nà oko, ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá ààlà, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sì jó. Ìwé ọkọ̀ ní 2L. Pátákó abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní 2L. Mẹkáníìkì bi wá pé, "Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú pé 2L ni?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, a na ìwé sí i. A lọ ra gáskẹ́ẹ̀tì 2L, ojúlówó ni, a ò sì dúnàá-dúrà púpọ̀ nítorí a fẹ́ kó dára. Ìgbà tí mẹkáníìkì tẹ́ ẹ sórí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà wà nínú rẹ̀, ihò gáskẹ́ẹ̀tì kéré sí ihò sílíńdà. Gbogbo wa dákẹ́. Ó mú èkísà, ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, ó nu ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, 5L sì yọ síta. Ẹnì kan tó ti ni ọkọ̀ náà ṣáájú wa ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, ó ti gbé òmíràn sí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Owó gáskẹ́ẹ̀tì kọ́ ló dùn wá jù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fà tu ni, tó wà nílẹ̀ lóko. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de èèyàn, bó bá ti lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó kúrò nínú ilẹ̀, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ìgbà tí a fi máa lọ, tí a fi máa dé, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ gbà gbọ́. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin níbi tó tẹ́jú, lápá òkè, nítòsí ibi tí tọ́ọ̀pù ti jókòó lé e. Orúkọ ẹ́ńjìnnì ló máa ń ṣáájú, nọ́ńbà gígùn á wá tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́, epo àti eruku á ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ sì lè rò pé kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì funfun pa á lójú. Ẹfun á wọ inú àwọn àmì tí wọ́n tẹ̀, lẹ́tà á sì funfun yọ síta. Bí orí yín kò bá wọlé dé ibẹ̀, ẹ ti fóònù bọ ibẹ̀, ẹ tan iná rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò bíi mẹ́ta sí mẹ́rin láti apá tó yàtọ̀ síra. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin kàn án. Nọ́ńbà tí wọ́n ti lọ̀ dà bí ti ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé, àlàyé yín kò sì ní í yé ọlọ́pàá kankan lójú títì.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ yìí. Orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà ọmọ nìkan ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kì í sábà gbé àwọn lẹ́tà ẹ̀yìn. Búlọ́ọ̀kù 22R-E, 22R ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹni tó bá gbára lé nọ́ńbà yẹn nìkan á ra kábúrétọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí kò lo kábúrétọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìdílé L, torí òun ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù, òun náà ló sì ṣì pọ̀ lóko àti lójú títì. Láti òde, ọmọ ìyá ni 2L, 3L àti 5L. Gbogbo wọn ní sílíńdà mẹ́rin, gbogbo wọn ń lo táímìn bẹ́líìtì, irin páìpù mẹ́rin sì jáde láti inú pọ́ǹpù díísù lọ sí nọ́sù mẹ́rin. Mẹkáníìkì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá kì í fi ojú lásán búra. Inú ni ìyàtọ̀ wà. Fífẹ̀ ihò sílíńdà 2L jẹ́ mílímítà 92, ibi tí písítìnì ń rìn dé láti ìsàlẹ̀ dé òkè sì jẹ́ 92. 3L jẹ́ 96 lọ́nà méjèèjì. 5L fẹ̀ dé 99.5, ìrìn písítìnì rẹ̀ sì dúró sí 96 bíi ti 3L.

Ẹ wo ohun tí èyí máa dá sílẹ̀. Bí ẹ bá fi gáskẹ́ẹ̀tì 3L sórí 5L, etí gáskẹ́ẹ̀tì á yọ sínú ihò sílíńdà, iná á máa jó o níbẹ̀, písítìnì sì lè máa gbá a. Bí ẹ bá yí i padà, tí ẹ fi ti 5L sórí 3L, àlàfo á ṣẹ́kù yí ihò ká, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í ní agbára tó yẹ kó ní. Méjèèjì máa jọ pé ó wọlé, nítorí búlọ́ọ̀tì lè bọ́ sí ibi tó yẹ, ọkọ̀ sì lè gbéra. Ìyẹn gan-an ló mú kó léwu.

Nítorí náà, bí nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù bá ti pa rẹ́, tí tọ́ọ̀pù sì ti ṣí, ẹ wọn ihò sílíńdà kí ẹ tó lọ ra ohunkóhun. Àwọn tó ń gẹ sílíńdà ní irin ìwọ̀n tó péye fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ rántí pé sílíńdà tí wọ́n ti gẹ̀ rí á fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìdajì mílímítà tàbí mílímítà kan odidi. Bí ẹ bá rí 96.5, 3L tí wọ́n ti gẹ̀ lẹ̀ ń wò, ríìngì àti písítìnì tó bá gígẹ̀ yẹn mu lẹ sì máa béèrè.

2L nìkan tún pín sí méjì, èyí kì í sì í hàn nínú nọ́ńbà. 2L ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀wọ́ rọ́kà lórí tọ́ọ̀pù rẹ̀, àwọn apá irin kéékèèké tí káàmùṣáàfù ń gbé sókè tó sì ń tẹ fáàfù sílẹ̀. Èyí tó dé lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń pè ní 2L-II, kò ní rọ́kà. Káàmùṣáàfù rẹ̀ jókòó tààrà sórí àwọn ife irin kékeré tó wà lórí fáàfù. Tọ́ọ̀pù ọ̀kan kò ṣeé gbé fún èkejì. Ẹ tú kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdérí tó wà lókè tọ́ọ̀pù, kúrò, kí ẹ wo inú rẹ̀. Rọ́kà wà, tàbí rọ́kà kò sí: ìdáhùn yín nìyẹn. Tọ́ọ̀pù ìdílé L sì máa ń tètè sán bí omi bá tán nínú rẹ̀ tí ó gbóná, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn ti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù rí. Ẹ má fi ohun tí wọ́n kọ sára tọ́ọ̀pù ṣe ẹ̀rí fún búlọ́ọ̀kù.

22R jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ràn, nítorí kì í fi àárẹ̀ hàn kíákíá. Bí ó bá jẹ́ 22R lásán, kábúrétọ̀ wà lórí rẹ̀, ilé fílítà afẹ́fẹ́ tó rí roboto bí ìdérí ìkòkò ńlá sì bo kábúrétọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ 22R-E, kò sí ìdérí roboto kankan, ilé afẹ́fẹ́ tó fi irin funfun rọ ni ẹ máa rí, tí páìpù rọ́bà ńlá fi afẹ́fẹ́ bọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́, wáyà kéékèèké á sì wà lórí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù epo rẹ̀ ń lo iná. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó fara sin ni ọdún. Láti 1985 ni wọ́n ti yí búlọ́ọ̀kù 22R padà. Wọ́n rẹ gíga rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, láti nǹkan bí 1983, ṣéènì táímìn tó ń yí káàmùṣáàfù, tó jẹ́ ìlà méjì tẹ́lẹ̀, ti di ìlà kan, ike sì ni wọ́n fi ṣe ohun tó ń mú ṣéènì náà dúró lójú kan. Ẹ̀yà tó wá láti inú 22R ti 1983 kò ní í bá ti 1987 mu ní ọ̀pọ̀ ibi, písítìnì àti kọ́fà táímìn wà lára wọn.

Ike yẹn sì máa ń kán. Bó bá kán, ṣéènì á máa jó sọ́tùn-ún sósì, ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀ bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kùtù kí ó tó móoru. Ẹni tí kò bá kọ ibi ara sí i, ṣéènì á gé kọ́fà táímìn láti inú wá síta títí omi fi máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ohun èlò ṣéènì táímìn fún 22R, ẹ tú kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ṣéènì náà níwájú. Ìlà méjì tàbí ìlà kan? Ẹ má gbára lé ọdún tó wà nínú ìwé.

Bí píkọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, kì í ṣe Hilux ni wọ́n kọ sí i lára, nítorí wọ́n ti pa orúkọ yẹn tì níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1976. Nọ́ńbà ṣáásì tiwọn máa ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ti àwọn tó wá láti Japan kí Tacoma tó dé ní 1995 ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JT4. Bí RN bá tẹ̀ lé e, ìdílé R ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ VN, onísílíńdà mẹ́fà ni. Àmì kẹwàá nínú nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún náà ń sọ ọdún: F jẹ́ 1985, J jẹ́ 1988, N jẹ́ 1992, S jẹ́ 1995. Fún Hilux tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ má gbára lé àmì kẹwàá yẹn. Pátákó irin àti búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ máa kà.

Àwọn tuntun díẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Àkọlé D-4D, orúkọ tí Toyota fún díísù ìgbàlódé rẹ̀, wà lára 1KD, ó sì wà lára 2KD, nítorí náà kò sọ ìyàtọ̀ wọn. Ihò afẹ́fẹ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ẹ̀rí, ó lè wà lórí méjèèjì. Hilux bẹntiróòlù tí gbogbo èèyàn ń pè ní 2.7 lè jẹ́ 3RZ-FE tó jẹ́ 2,693 cc tàbí 2TR-FE tó jẹ́ 2,694 cc. cc kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ẹ̀yà wọn sì yàtọ̀ síra. 2TR-FE ní VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, 3RZ-FE kò ní in. Bí pátákó bá ní RZN, ti àkọ́kọ́ ni. Bó bá ní TGN, ìdílé TR ni.

Bí ẹ bá wá rí i pé búlọ́ọ̀kù àti ìwé kò bára mu, bíi tiwa, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń yẹ̀ wò. Ẹ wá rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà bó bá ṣeé rí, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà padà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra Hilux àtijọ́, kí ó nu búlọ́ọ̀kù kí ó tó sanwó. Ẹni tó ń tà á tí kò sì fẹ́ kí ẹ nù ún ti dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ nílùú Èkó, tàbí ibikíbi tí ẹ ti ń ra ẹ̀yà, ẹ mú fọ́tò pátákó irin, fọ́tò nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù, àti ẹ̀yà àtijọ́ tí ẹ yọ, bó tilẹ̀ ti jó. Ẹ tẹ́ ẹ̀yà tuntun lé e lórí níwájú ọlọ́jà. Ihò gbọ́dọ̀ ko ihò lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀dà funfun kọ 5L sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ó kọ ọ́ gàgàrà, ó sì kọ 99.5 sísàlẹ̀ rẹ̀.